Nọ́ńbà fún Erékùṣù Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbé

Ní oṣù kẹta ọdún náà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ kan ní erékùṣù Hestøy ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Olùkọ́ ìṣirò tó lọ kó ìwé ìdánwò rẹ̀ níbẹ̀ bá orúkọ àwọn arúgbó mẹ́rìnlá, oògùn tí kálukú wọn ń lò, àti iye ìgbà tí wọ́n ń lò ó lójúmọ́. Kò mọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní erékùṣù Langvær ni ìwé náà ti wá, ibi tó tó ìrìn wákàtí méjì lórí omi. Ọmọlúàbí ni olùkọ́ náà. Ó ká ìwé náà, ó fi sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó sì pe ọ́fíìsì ní Nordvåg.

Sunniva Brattli ló gbé fóònù.

Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni Sunniva, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í dilẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti la ọ̀nà fún ọ̀rọ̀ tó ń gba inú wáyà kọjá. Erékùṣù mẹ́sàn-án ló wà lábẹ́ ọ́fíìsì wọn, bẹ̀rẹ̀ láti Nordvåg tí ilé ìwòsàn ńlá wà, títí dé Gråvær tó jẹ́ pé òkun nìkan ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti dé etíkun yẹn ni erékùṣù kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọdún yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ri wáyà onídígí kan sábẹ́ òkun tó so gbogbo wọn pọ̀.

Ohun tó fa wàhálà ìwé oògùn yẹn kò le láti yé èèyàn. Inú wáyà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi ń gbà: ti tẹlifóònù, ti ilé-ẹ̀kọ́, ti ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù. Kí wọ́n má baà dà pọ̀ mọ́ra wọn, wọ́n máa ń la ọ̀nà tirẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi nọ́ńbà sí i lórí. VLAN ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Ọ̀nà ni Sunniva máa ń pè é tó bá ń bá ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá wà lọ́nà 20 kò lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lọ́nà 30, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń fi èjìká gbún ara wọn nínú wáyà kan náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní Hestøy, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ni 20. Ní Langvær, ilé àwọn arúgbó ló ni ín. Nígbà tí òkun wà láàárín wọn, kò sí ìjà. Ọjọ́ tí wáyà so wọ́n pọ̀ ni 20 pàdé 20, tí wọ́n sì di ọ̀kan.

Hallstein, ọ̀gá ọ́fíìsì náà, pe Sunniva wọlé lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin gíga kan ni, ẹlẹ́nu dídùn, tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta kó má fi àwàdà kún un.

"Sunniva, ìwọ lo máa tún gbogbo ayé yìí sọ lórúkọ."

"Gbogbo ayé kẹ̀, ọ̀gá?"

"Erékùṣù mẹ́sàn-án péré ni. Ọjọ́ mẹ́fà ni Ọlọ́run fi ṣe tirẹ̀. Èmi láàánú jù ú lọ, mo fún ẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni Sunniva fi jókòó tì í. Àwọn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ gbà láti fi sórí ọ̀nà kò ju ẹgbàajì ó lé mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún lọ, kò sì fẹ́ fi ọ̀kankan ṣòfò. Ó fún erékùṣù kọ̀ọ̀kan ní ọgọ́rùn-ún nọ́ńbà, bí wọ́n ṣe jìnnà sí ọ́fíìsì ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé: Nordvåg bẹ̀rẹ̀ láti 100, Hestøy láti 300, Langvær láti 500, Gråvær tó kẹ́yìn láti 900. Nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn ló ń sọ iṣẹ́ tí ọ̀nà náà wà fún. 10 jẹ́ ti ọ́fíìsì, 20 ti tẹlifóònù, 30 ti àwọn ẹ̀rọ aláìsàn, 40 ti ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá rí 530 kò nílò láti bi ẹnikẹ́ni: Langvær ni, ẹ̀rọ aláìsàn sì ni. Nígbà tó parí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fífẹ̀ kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó mu kọfí ife kan lórí ìdúró níwájú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ilé mọ́ tí àlejò kò tíì wọ̀ ọ́.

Erékùṣù mẹ́jọ ló kọ̀wé padà pé àwọn fara mọ́ ọn. Gråvær kò fi ju gbólóhùn méjì lọ ránṣẹ́: "Àwọn nọ́ńbà tiwa kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kí ẹni tó fẹ́ pa wọ́n rẹ́ wá kí n rí ojú rẹ̀. Eilert Skarvøy."

"Ta ni Eilert Skarvøy?" ni Sunniva bi ọ̀gá rẹ̀.

Hallstein gbá orí mú. "Yéè! Ó ṣì wà láyé! Bàbá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Òun ló ń gbọ́ ìpè àwọn ọkọ̀ lórí rédíò etíkun ní Gråvær fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kí wọ́n tó ti ilé rédíò náà pa. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá dé, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò níbẹ̀, bàbá bá sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá. Lọ bá a, jàre. Fi ẹnu dídùn bá a sọ̀rọ̀, kó o sì pa àwọn nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́."

Sunniva kọ́kọ́ yẹ àwọn nọ́ńbà Gråvær wò láti ọ́fíìsì. Ó bá 1210, 1220, 1230. Ó tún bá 3900, tí kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀. Ó ronú títí. Erékùṣù mẹ́sàn-án ló wà. Kí ló dé tí èyí tó kẹ́yìn fi ń jẹ́ ìkejìlá?

Wákàtí mẹ́rin ni ọkọ̀ ojú omi gbà kó tó dé Gråvær. Bàbá náà ti ń dúró létí èbúté pẹ̀lú bárò ìkẹ́rù kan, ó dé fìlà onírun, ojú rẹ̀ pupa nínú atẹ́gùn.

"Ìwọ ni wọ́n rán wá?"

"Èmi ni, bàbá."

"Mo ti rò pé ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ni wọ́n máa rán."

"Ẹ má bínú, bàbá. Irùngbọ̀n tèmi ò tíì hù."

Eilert rẹ́rìn-ín, ó gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sínú bárò, ó sì ṣáájú. Ní ilé, ó gbé ọbẹ̀ ẹja gbígbóná àti ọ̀dùnkún sílẹ̀ fún un. Kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ títí abọ́ fi mọ́. Lẹ́yìn náà ló fi gíláàsì sójú, ó sì tẹ́ ìwé fífẹ̀ Sunniva sórí tábìlì. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tún un kà.

"Ó mọ́," ló wí.

"Ẹ ṣeun, bàbá."

"N ò tíì yìn ẹ́. Ó mọ́ bí abọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi jẹun rí." Ó bọ́ gíláàsì. "Terna ńkọ́? Ilé ta lo ní kó máa sùn?"

Terna ni ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé aláìsàn láti erékùṣù dé erékùṣù. "Nordvåg ni mo kọ ọ́ sí, bàbá. Ibẹ̀ ló máa ń wà."

"Ibẹ̀ ló máa ń wà nígbà tí ara gbogbo èèyàn bá le. Jẹ́ ká ní ọkàn ẹnì kan ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Hestøy. Terna lọ gbé e. Ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ àyà ẹni yẹn ń wá ọ̀nà 130, torí ọmọ Nordvåg ni ọkọ̀. Èbúté Hestøy ò mọ̀ ju 330 lọ. Kí ni ẹ̀rọ yẹn á ṣe?"

Sunniva wo ìwé tó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ. "Á dákẹ́," ló sọ nígbẹ̀yìn.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Á dákẹ́ létí èbúté, níṣojú gbogbo ayé, àfi tí wọ́n bá padà dé Nordvåg." Ohùn bàbá náà kò le. "Àwọn kan wà tí wọn kì í gbé ibì kankan, ọmọ mi. Gbogbo ibi ni wọ́n ń gbé."

Ó dìde, ó lọ sí yàrá, ó sì mú ìwé aláwọ̀ búlúù kan bọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ ìpè rédíò sílẹ̀ láyé àtijọ́. Ìwé náà ti ń já létí. Lójú ewé àkọ́kọ́, pẹ̀lú pẹ́ńsù, ó kọ oṣù kìíní ọdún 1999. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ erékùṣù wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún nọ́ńbà tirẹ̀: Nordvåg láti 100, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé Gråvær láti 1200. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì tirẹ̀ lẹ́yìn, tẹlifóònù 20, aláìsàn 30. Ètò tí Sunniva rò pé òun ló kọ́kọ́ rò ó ló ń kà yìí, nínú ìwé tí wọ́n kọ nígbà tí òun ṣì wà nílé-ẹ̀kọ́. Láàárín nọ́ńbà kan sí èkejì, bàbá náà fi àyè sílẹ̀. Lójú ewé tó kẹ́yìn ló kọ 3900 sí, ó sì fa ìlà sí i nídìí: *àwọn tí kò nílé*. Ọkọ̀ aláìsàn. Dókítà eyín. Àlùfáà. Agbẹ̀bí. Ọkọ̀ tó ń yá èèyàn ní ìwé. Nọ́ńbà kan náà ní gbogbo èbúté.

"Bàbá," ni Sunniva wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "ní 1999, wáyà abẹ́ òkun ò tíì sí."

"Kò sí."

"Kọ̀ǹpútà mélòó ló wà ní Gråvær nígbà yẹn?"

"Mẹ́rin. Ọ̀kan ò ṣiṣẹ́."

"Ẹ wá jókòó, ẹ la ọ̀nà fún erékùṣù méjìlá?"

"Kí ni mo fẹ́ máa ṣe? Òjò dídì ló wà níta." Ó bu kọfí fún un. "Wọ́n á so wá pọ̀ lọ́jọ́ kan. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. N ò kàn fẹ́ ká bá ara wa jà lọ́jọ́ tá a bá pàdé. Mo kọ̀wé sí gbogbo wọn nígbà yẹn. Àwọn ará Langvær ní kí n lọ sùn."

Sunniva tún ka àwọn orúkọ náà. Mẹ́ta wà níbẹ̀ tí kò sí lórí ìwé tirẹ̀: Tomholmen, Sørholmen, Lille Måvær. "Bàbá, ẹnikẹ́ni ò gbé àwọn mẹ́ta yìí. Òkúta àti ẹyẹ òkun nìkan ló wà níbẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Ó wà lórí máàpù."

Bàbá náà dìde. Ó ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Àwọn ìwé búlúù ló kún un láti òkè dé ilẹ̀, mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ó fa ọ̀kan yọ, ó ṣí i síwájú rẹ̀. Gbogbo ìpè tó ti gbọ́ ló wà níbẹ̀: aago, orúkọ ọkọ̀, ibi tí wọ́n ti ń pè, ohun tó ṣe wọ́n. Ó ní lọ́dún tí wọ́n ti ilé rédíò pa, òun ka gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, òun sì kọ iye ìgbà tí àwọn tó wà nínú ìṣòro pè láti ibì kọ̀ọ̀kan. Tomholmen ju Nordvåg lọ ní ìlọ́po mẹ́rin.

"Tí afẹ́fẹ́ bá ti àríwá ìwọ̀-oòrùn wá," ló wí, "kò síbi téèyàn lè fi orí pamọ́ sí láàárín Hestøy àti Nordvåg àfi ẹ̀yìn àpáta Tomholmen. Àwọn bàbá ńlá wa ti ń sá lọ síbẹ̀. Òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò gbé ibẹ̀. Àmọ́ gbogbo wa la ti dé ibẹ̀ rí."

Sunniva wo kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ó wo ọwọ́ bàbá náà lórí tábìlì, ọwọ́ tó ti gbó tí iṣan rẹ̀ yọ sókè. Òun wo máàpù, òun sì pín nọ́ńbà fún ilẹ̀. Ọkùnrin yìí fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbọ́ ohùn èèyàn, ó sì pín nọ́ńbà fún ibi tí wọ́n ti ń ké pe ara wọn. Ó jókòó lórí òkúta kan ní ìpẹ̀kun ayé, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ará Langvær tó ní kó lọ sùn. Ìbẹ̀rù bíi ti ẹni tó wọ ilé ìjọsìn ńlá tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀ mú un. Kò lè sọ ọ́ síta. Ohun tó sọ ni pé: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè da ìwé yìí kọ?"

"Jẹ pańkéèkì kan ná," ni Eilert wí. "O ti funfun lójú."

Nígbà tó padà dé Nordvåg, Sunniva já ìwé fífẹ̀ tirẹ̀ kúrò lára ògiri, ó sì lẹ tuntun mọ́ ọn. Hallstein wá dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́.

"Mo ní kó o lọ pa nọ́ńbà bàbá rẹ́. O wá lọ, bàbá sì pa tìẹ rẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Ti ọkọ̀ aláìsàn yé mi. Ojú tì mí pé èmi náà ò rò ó. Àmọ́ Tomholmen ńkọ́? Ta ló máa lò ó? Ṣé àwọn ẹyẹ òkun ló fẹ́ máa pe ilé ìwòsàn?"

"Ẹ gbọ́, ọ̀gá. Wáyà yẹn gba ìdí Tomholmen kọjá. Ilé tó ń tan iná fún àwọn ọkọ̀ wà níbẹ̀, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì wà nínú rẹ̀. Àpótí kan ṣoṣo tó ń pín ọ̀nà la nílò, àti òpó tó máa gba ìró láti inú ọkọ̀."

"Sunniva, nọ́ńbà là ń pín, kì í ṣe ìlú là ń kọ́."

"Tẹ́ ẹ bá ní mi ò gbọdọ̀ ṣe é, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i."

Kò tíì bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Hallstein mu kọfí rẹ̀. "Àpótí àtijọ́ méjì wà ní ìsàlẹ̀ ilé," ló wí. "Mi ò rí ẹ nígbà tó o gbé e."

Ní oṣù kẹjọ, Torbjørg, obìnrin tó ń wa Terna, gbé Sunniva lọ sí Tomholmen. Ẹni tó rọ́kú tó sì mọ omi bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni Torbjørg. Òun àti Sunniva gbé àpótí náà gun òkúta yíyọ̀ lọ sí ilé iná, àwọn ẹyẹ òkun ń pariwo lé wọn lórí.

"Wọ́n ní wèrè ti mú ẹ ní ọ́fíìsì," ni Torbjørg wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ayé ni. Èmi ò bá wọn sọ ọ́ o. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni mo ti fara pamọ́ síbí. Tí wèrè bá ń ronú báyìí, kí ó máa mú èèyàn lọ."

Ọjọ́ tí wọ́n yí gbogbo rẹ̀ padà bọ́ sí Sátidé kan ní oṣù kẹsàn-án, ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, oòrùn ràn dáadáa. Sunniva jókòó níwájú kọ̀ǹpútà ní Nordvåg. Ní erékùṣù kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan dúró ti àpótí, wọ́n sì jọ wà lórí fóònù. Ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dáhùn. Bí ọ̀kan bá ti dáhùn, á yí nọ́ńbà ibẹ̀ padà, á sì dúró. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, gbogbo erékùṣù á di òkùnkùn lójú ẹ̀rọ, bí ẹni pé òkun gbé e mì. Lẹ́yìn náà àwọn ọ̀nà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn padà. Tẹlifóònù. Ilé-ẹ̀kọ́. Ilé àwọn arúgbó. Ìgbà tó kan Gråvær, kò sí ohun tó nílò láti yí padà níbẹ̀. Ó kàn ṣí ilẹ̀kùn fún un, àwọn nọ́ńbà tó ti ń dúró fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n sì wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ sí àyè tirẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Torbjørg wa Terna yí èbúté gbogbo ká. Ibikíbi tó bá dé, 3900 á tàn níbẹ̀, á kú níbi tó ti kúrò. Sunniva ń wò ó bó ṣe ń lọ láti èbúté dé èbúté, iná kékeré kan ṣoṣo. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Okùn dígí inú wáyà yẹn kò nípọn ju irun orí lọ, nínú òkùnkùn abẹ́ omi, láàárín ẹja àti yanrìn. Inú rẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohùn ń gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, dókítà ń béèrè ẹ̀jẹ̀, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń ka ìwé ìtàn, kò sì sí èyí tó tẹ èkejì lẹ́sẹ̀. Ó ti mọ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tipẹ́tipẹ́. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ yà á lẹ́nu.

Ìjì dé ní oṣù kọkànlá. Ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, Terna gbéra ní Hestøy pẹ̀lú obìnrin kan tó ń jẹ́ Malin. Oyún rẹ̀ kò ju oṣù méje àbọ̀ lọ, ó sì ti ń rọbí. Agbẹ̀bí kan wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n ṣírò pé àwọn á ti dé Nordvåg láàárín wákàtí kan àti ààbọ̀. Wọn kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ fi yí padà sí àríwá ìwọ̀-oòrùn.

Ilé ìwòsàn pe ọ́fíìsì pé àwọn kò rí ẹ̀rọ tó ń ka ọkàn ọmọ inú náà mọ́. Sunniva sáré dé ìdí kọ̀ǹpútà. 3900 ti kú ní Hestøy, kò sì tàn níbòmíràn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Òjò ń na fèrèsé bí ẹni ń da òkúta lù ú. Hallstein ti wá dúró sẹ́yìn rẹ̀, kò sì ní àwàdà kankan lẹ́nu.

Ìgbà náà ni ìlà kan tí kò tíì tàn rí láti oṣù kẹjọ tàn: Tomholmen, 3900.

Sunniva dìde dúró láìmọ̀. Kò lè gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà á láyè láti rí Malin tàbí ọmọ náà. Ohun tó ń rí kò ju iye ọ̀rọ̀ tó ń gba ọ̀nà náà kọjá lọ, tó ń pọ̀ sí i, tó ń pọ̀ sí i. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Torbjørg ti wọ ẹ̀yìn àpáta. Ẹ̀rọ ti rí ọ̀nà rẹ̀. Lọ́wọ́lọ́wọ́ yìí, bí ọkàn kékeré kan ṣe ń lù nínú ọkọ̀ tí ìgbì ń jù sókè sódò, nọ́ńbà rẹ̀ ń gba abẹ́ òkun, dókítà kan sì ń kà á nínú yàrá tó gbẹ tó móoru.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ bó ṣe lọ. Ọkàn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Dókítà rí i lójú ẹ̀rọ kí agbẹ̀bí tó mọ̀, torí ọkọ̀ ń mì jù fún un láti fi etí gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ yí ìyá sí apá òsì." Ọkàn ọmọ náà kò yí padà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó kúnlẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀." Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, Torbjørg mú un lẹ́jìká kó má baà ṣubú, ọkàn ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yára padà díẹ̀díẹ̀. Wákàtí méjì ni dókítà fi bá wọn dúró bẹ́ẹ̀ láìkúrò lórí ìjókòó.

Ní ogún ìṣẹ́jú kọjá agogo méjì, fóònù Sunniva dún. Dókítà náà ni. Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Obìnrin ni," ló wí. "Ó kéré, àmọ́ ó ń bínú. Ó ń pariwo bí ẹyẹ òkun."

Hallstein yí ojú sí ògiri, ó sì fi ọwọ́ àwọ̀lékè nu ojú.

Oṣù kejì ni Sunniva tó ráyè padà lọ sí Gråvær. Oòrùn tí kì í yọ rárá ní àárín òtútù níbẹ̀ ti padà wá, ó ń yọ wákàtí díẹ̀ lójúmọ́. Ó bá Eilert níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn igi tí wọ́n ń sá ẹja sí, ó ń so ẹja ní méjì-méjì láti ìrù, ó ń fi wọ́n kọ́ kí atẹ́gùn sọ wọ́n di pańla. Sunniva bọ́ ìbọ̀wọ́, ó sì bá a so wọ́n. Gbogbo ìtàn náà ni bàbá náà ti gbọ́. Kò sí ilé tí wọn kò tíì sọ ọ́ dé.

"Bàbá, mo fẹ́ kọ orúkọ yín sórí ètò náà. Hallstein ti gbà. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ọgbọ́n yín kò láfiwé."

"Má kọ ọ́."

"Kí ló dé?"

Eilert so ẹja méjì kó tó dáhùn. "Ní ọdún 1974, ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gbà sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Àwọn mẹ́ta wà nínú ọkọ̀ kan tí omi ń wọ̀, wọ́n pè mí. Lákòókò kan náà, ọkùnrin kan ń kí ìyàwó rẹ̀ kú ọjọ́ ìbí lórí ọ̀nà yẹn. Ó ń kọrin fún un. Ohùn méjèèjì gun ara wọn. Mo gbọ́ '…holmen.' N ò gbọ́ ohun tó ṣáájú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n tún un sọ, wọn ò gbọ́ mi." Ó fa okùn náà le. "Mo ní Sørholmen ni. Ibẹ̀ ni mo rán àwọn olùgbàlà lọ. Tomholmen ni wọ́n wà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọ́n rí wọn, ẹni méjì ló kù láàyè."

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ àwọn ẹja tó ti wà lókè, wọ́n ń lu ara wọn jẹ́jẹ́.

"Kì í ṣe ọgbọ́n ni mo fi kọ ìwé yẹn," ni bàbá náà wí.

Ọkọ̀ fọn fèrè ní èbúté pé òun fẹ́ lọ. Sunniva gbọ́ ọ, kò sì gbé orí sókè. Ó mú ẹja méjì míì nínú bárò, ó fi ìrù wọn lé Eilert lọ́wọ́ kó so wọ́n.

"Ẹni kẹta yẹn ńkọ́, bàbá? Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Arnljot," ni Eilert wí. "Arnljot Høgset. Ó mọ gòjé ta." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa rẹ̀ fún un: ilé tí wọ́n bí i sí, orin tó fẹ́ràn jù, bó ṣe máa ń fi bàtà gbá ilẹ̀ tó bá ń ta á títí ìyá rẹ̀ á fi lé e jáde.